Ẹja Tí Wọn Kì Í Jẹ

Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpakodò pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì pé kí a wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, wọ́n tò wá sórí àga níwájú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó ní tíṣà ni òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kejì ní òun wa ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Èkó títí ojú òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju ti tíṣà lọ. Nígbà tó kàn mí, mo ní iṣẹ́ mi ni pé kí n gbé ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn padà lọ fún ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn bi ẹnì kejì rẹ̀, kò tilẹ̀ rọra sọ ọ́, pé ṣé Màmá yìí kì í ṣe àjẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀ láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ọmọdé á máa sá bí wọ́n bá rí báàgì mi, tí àwọn ìyá wọn á sì máa fi mí dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n lè jẹun tán. Àlàyé tí n kò lè ṣe tán lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó gùn díẹ̀, nítorí arúgbó ló ń sọ ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí mo ń wo ọ̀sà. Kùrukùru á ti bo omi pátápátá. Ohùn àwọn ọlọ́kọ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà orí wọn á yọ, lẹ́yìn náà èjìká, ó di ẹ̀yìn kí ẹ tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe máa ń yọ sí mi báyìí, ohùn wọn ṣáájú. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá mo ti sùn tàbí mo ṣì ń ronú. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà kò ní ìtàn. Mo kọ́ iṣẹ́ ìlera àdúgbò, ilé ìwádìí kan sì ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí kì í tètè bínú. Mo ní ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pa mí, kò sì sọ mí di olówó. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Àwọn dókítà ilé ìwádìí yìí máa ń wo inú ẹ̀jẹ̀ láti mọ ohun tí òbí ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ láìmọ̀, àti àìsàn tó máa ń tẹ̀ lé ìran. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Iṣẹ́ tiwa, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn tiwọn, ni láti máa bèèrè ohun tí ìwádìí náà lè fi ẹ̀dá ènìyàn ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kúrò lára mi, ta ló ni ín? Bí wọ́n bá rí nǹkan lára bàbá tó kan ọmọ, ta ni yóò sọ fún ọmọ, tí bàbá kò bá fẹ́ kó gbọ́? Bí wọ́n bá gbé e ré òkun, tí wọ́n fi ṣe oògùn, kí ni tiwa níbẹ̀? A máa ń wádìí irú nǹkan wọ̀nyí, a máa ń jókòó ti àwọn lọ́yà àti àwọn àgbà ìlú, lẹ́yìn náà a ó gbé ohun tí a bá rí lọ sọ fún àwọn aráàlú ní èdè tí wọ́n gbọ́. Apá tó kẹ́yìn yìí ni tèmi.

Ọ̀gá mi ni Màmá Ọdúsànyà. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n kúrú, wọ́n dúdú, gèlè wọn kì í yẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, n kò sì rí eyín wọn fún odindi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, wọn kò jẹ́ kí n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn ni. Bí a bá wọ ilé ènìyàn, wọ́n á kí wọn, wọ́n á jókòó, èmi náà á jókòó, n ó sì dákẹ́. Bí a bá jáde, wọ́n á bi mí pé: obìnrin yẹn gbà, àbí ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún wa? Bí mo bá ní ó gbà, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí mo rí tí mo fi mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú mi padà sí ilé obìnrin kan ní Agric, nínú Ìkòròdú, láti lọ dá ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ padà fún un, nítorí wọ́n ní ẹ̀rù ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe obìnrin náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n fà mí lé ìyá wọn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ti darúgbó gan-an nígbà náà, wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Màmá ní Agric níbẹ̀. Òfin rẹ̀ nìyí: lójoojúmọ́ n ó ṣàlàyé ohun kan nínú iṣẹ́ wa fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà á sì sọ ọ́ padà ní ọ̀nà tiwọn. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́ padà, a jẹ́ pé n kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀wà ni mo fi ń ṣe é, funfun àti pupa; pupa ló dúró fún àìsàn. Bàbá ní hóró méjì, ìyá ní hóró méjì, kálukú wọn á di ojú, á mú ọ̀kan fún ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pupa méjì ló bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ní láti máa ṣọ́ra. Bí ó bá jẹ́ pupa kan, kò ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ tí òun náà bá ń mú fún ọmọ tirẹ̀.

Ìyá Àgbà fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní ẹ̀wà mi kò pé oúnjẹ. Wọ́n ní ta ló di ojú ìyá, nígbà tí òun bímọ ojú òun là sílẹ̀ kedere. Lọ́jọ́ kan ṣá, mo ṣàlàyé tán, wọ́n kọjú sí ojú títì. Wọ́n wá ní, “Ó ti yé mi. Bàbá mi kú kí n tó bí ọmọ yìí, kò sí ọjọ́ tó rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.” Ọmọ tí wọ́n ń sọ ni Màmá Ọdúsànyà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́ wa. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbòòrò, ó dùn, ẹ̀rín ọkùnrin kan tó ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Ara mi bù máṣọ. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ́n rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo sọ fún aboyún kan lọ́jọ́ kan pé kó má bẹ̀rù, pé kò sí nǹkan kan. Màmá dúró títí a fi jáde, wọ́n dì mí lápá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ géréèjì Ìkòròdú, láàárín ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n ní, “Má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ.” Àwọn agbèrò yí ojú sí wa. Ojú tì mí. Mo rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ yẹn, àṣé n kò tíì kọ́ ìdajì rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fún mi láti máa dá lọ nígbà tó yá. Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìtòìkín, afẹ́fẹ́ á yí padà, òórùn omi àti ẹja yíyan á máa wọlé, ojú mi á sì máa rọ̀ bí ẹni tó ń lálàá. Níbẹ̀ ni mo ti bá Àlàájì kan pàdé, tó ń ṣòwò ẹja lórí ọ̀sà, tó ní ilé ńlá kan tó kún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àwọn dókítà ń wádìí ìdí tí kíndìnrín fi tètè ń dẹ́kun iṣẹ́ nínú àwọn ìdílé kan, wọ́n sì ní kí n lọ bẹ ìdílé náà.

Mo lọ bá Àlàájì nígbà mẹ́fà kí wọ́n tó dáhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, nítorí wọ́n ní a kì í fi ebi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bi mí pé bí òun bá kú, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ òun tó wà nínú fírísà, ṣé wọn yóò sin ín ni. Mo ní n ó bèèrè. Mo bèèrè lóòótọ́, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jíròrò lórí ìbéèrè ọkùnrin kan. Inú Àlàájì dùn nígbà tí mo sọ èyí fún wọn. Wọ́n wá ní ohun kan ló kù: orúkọ wọn ńkọ́? Mo ní, “Àlàájì, orúkọ yín kò ní jáde láéláé.” Wọ́n gbà. Gbogbo ilé gbà, títí kan àkọ́bí wọn obìnrin, Ràfíátù, tó ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, tó ń bi mí ní ìbéèrè ju gbogbo wọn lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni a gbé èsì padà sí Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo kọ ìwé àlẹ̀mógiri rẹ̀ ní Yorùbá, mo sì mọ̀ pé ó dára. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹja àrọ̀ ló ń mú kí ara àwọn ènìyàn wú, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn tó ń sin àrọ̀ ń pàdánù. Mo fẹ́ tú irọ́ yẹn ká, kí n sì sọ pé ohun àjogúnbá ló wà ńbẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn, pé ẹni tó bá tètè ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ rẹ̀ wò lè gbó kó tọ́. Mo wá kọ ọ́ báyìí, pé kódà nínú ìdílé kan tí wọn kì í jẹ àrọ̀ láti ìran dé ìran, a rí ohun àjogúnbá yìí ju ibòmíràn lọ.

Àwọn dókítà kà á, wọ́n ní ó dára. Ìgbìmọ̀ kà á, wọ́n ní kò sí orúkọ, kò sí àdúgbò, kò sí ọjọ́ orí. A ti fi nọ́ńbà rọ́pò gbogbo ènìyàn.

Mo kà á sókè nínú gbọ̀ngàn tó kún. Bí mo ṣe dé ibi àrọ̀, kíkùn kan dìde láti ẹ̀yìn, ó rọra rìn bọ̀ níwájú bí ẹ̀fúùfù lórí omi. Lẹ́yìn náà mo rí i tí àwọn obìnrin kan yí orí, gbogbo wọn sí ibì kan náà. Mo tẹ̀ lé ojú wọn. Orí Ràfíátù ni ojú wọn dé. Ó jókòó pẹ̀lú ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọwọ́ wọn sì wà nínú ara wọn. Mo rí i tí ìyá náà rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà náà ló tó yé mi. Ní Ẹ̀pẹ́, bí o bá sọ ohun tí ìdílé kan kì í jẹ, o ti dárúkọ wọn, o ti júwe ojúlé wọn, o ti ki bàbá ńlá wọn. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn ìgbìmọ̀ kò mọ̀ torí pé àlejò ni wọ́n. Èmi ńkọ́? Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ilé wa ní èèwọ̀ tiwa. Màmá mi da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù lọ́jọ́ kan nítorí rẹ̀, àwa ọmọ tí a ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fi ń rẹ́rìn-ín ni mo gbàgbé pé ó ń sọ̀rọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn àgbà obìnrin méjì wá láti ilé ọkọ. Wọ́n kí dáadáa, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sinmi ná. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá sinmi báyẹn kì í jí mọ́.

Mo fẹ́ lọ bá ìdílé ọkọ. Mo ti wọ bàtà mi tán. Màmá Ọdúsànyà ní kí n jókòó, wọ́n bi mí pé kí ni n ó sọ. Mo ní n ó ṣàlàyé pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ṣe ègún, pé bóyá ọmọkùnrin tiwọn gan-an ní hóró pupa kan lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Bí o bá débẹ̀ pẹ́nrẹ́n, o ti jẹ́rìí pé ilé Àlàájì ni.” Mo bọ́ bàtà. Òótọ́ ni. N kò lè bẹ ẹnikẹ́ni láìtún dá ẹ̀ṣẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, pé ẹnu tí mo fi ba nǹkan jẹ́ kò ṣeé fi tún un ṣe. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo da omi náà, Fọlákẹ́.”

Àlàájì ránṣẹ́ pé kí a dá ẹ̀jẹ̀ ilé àwọn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní ilé ìwádìí pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, pé èyí tí wọ́n ti lò ti lò, pé ti ìyókù wúlò púpọ̀. Màmá Ọdúsànyà gbé ìwé ìfọwọ́sí síwájú wọn, wọ́n fi ìka tẹ ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá fẹ́ lè kúrò nígbàkúgbà. Wọn kò gbé ìka náà kúrò títí àwọn ará ilé ìwádìí fi gbà. A kò lè fi ẹ̀jẹ̀ lé Àlàájì lọ́wọ́, òfin kò gbà á, ṣùgbọ́n a gbà pé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i bí a ó ṣe sun ún.

Wọ́n wá pẹ̀lú àbúrò wọn ọkùnrin. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, bí ẹni ń lọ kírun Jímọ̀. A kó àwọn ìgò kéékèèké náà jáde, òtútù ń rú lára wọn. Àlàájì ní kí n fi tiwọn hàn wọ́n. Mo wo ìwé, mo tọ́ka sí nọ́ńbà wọn. Wọ́n wo ìgò náà títí, wọ́n ní, “Orúkọ wa lẹ gé kúrò, ẹ fi ẹnu wa sílẹ̀.” Mo kó gbogbo ìgò náà sínú ààrò iná. A ti ilẹ̀kùn iná. Àbúrò wọn ṣe àdúà, gbogbo wa ṣe àmín, àti onígbàgbọ́ àti ìmàle. Kí wọ́n tó lọ, mo ní nǹkan kan wà nínú èsì tó yẹ kí wọ́n gbọ́ fún ìlera wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ́.

Iṣẹ́ wa kọ́ni pé ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ́ ọ fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n mo tún mọ ohun tó wà nínú èsì Àlàájì: pupa méjì. Wọn kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò rí láyé wọn. Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde fún oṣù mẹ́rin. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, n ó jókòó sí èbúté, n ó wo àwọn ọkọ̀, n ó padà sílé. N kò mọ ohun tí mò ń dúró dè. Lójú àlá, mo máa ń rí Àlàájì nínú ọkọ̀ láàárín kùrukùru, mo ń pè wọ́n, ohùn mi kì í sì í jáde.

Sátidé kan ni Ràfíátù wá jókòó tì mí. Kò kí mi. Ó ní, “Àǹtí, Bàbá ò fẹ́ gbọ́. Èmi fẹ́ gbọ́ tèmi.” Mo ní tirẹ̀ ni mo lè sọ, n kò lè sọ ti bàbá rẹ̀. Mo kó ẹ̀wà jáde nínú báàgì mi, mo sọ tirẹ̀ fún un: pupa kan. Ó mú hóró náà, ó yí i láàárín ìka. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Ó wo bí mo ṣe ń yẹra fún ìyókù, ó sì mọ ohun tí n kò sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo iṣẹ́ mi padà. Ó ní ká ní mo ti ka ìwé àlẹ̀mógiri yẹn fún òun nìkan kí n tó gbé e síta, kò ní gba òun ní ìṣẹ́jú kan láti sọ fún mi pé ilé àwọn ni mò ń kà. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Òun náà sunkún, nítorí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó lọ ni, kì í ṣe nítorí tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ní wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹlẹ́ja wò, pé dandan ni. Kò sí dandan kankan. Àlàájì náà mọ̀, wọ́n kàn gbà kí ọmọ wọn tan àwọn jẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ wọn ga débi tí nọ́ọ̀sì fi wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà.

Látinú ọ̀rọ̀ Ràfíátù ni a ti dá ohun tí a pè ní Ìjókòó Ta-nìyí sílẹ̀. Kí ìwé kankan tó jáde, ènìyàn mẹ́fà láti ìlú náà á jókòó, a ó kà á fún wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó sì bi wọ́n: ta nìyí? Bí ẹnì kan bá lè dá ẹnì kan mọ̀ níbẹ̀, ìwé náà á padà sílé. Ẹ kò ní gbà gbọ́ ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n dá ìdílé kan mọ̀ nítorí a ní wọ́n ń bí ìbejì. Wọ́n dá òmíràn mọ̀ nítorí a ní ilé wọn kọjú sí omi, wọ́n sì ní obìnrin kan tó fọ́jú. Ràfíátù ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn dókítà ráhùn pé a ń fi àkókò ṣòfò, títí di ọjọ́ tí a dá ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nínú ìwé tirẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bébà àti àmì àtàǹpàkò ni. Lẹ́yìn náà a ń gba ohùn àwọn ènìyàn sínú fóònù pé wọ́n gbà. Nígbà tó yá, ohun gbogbo wọ inú ẹ̀rọ. Láyé àtijọ́, bí mo bá sọ àṣìsọ ní Ẹ̀pẹ́, mo lè ká ìwé mi padà. Nísinsìnyí, kí n tó dé géréèjì Ìkòròdú, ẹnì kan ti gbọ́ ọ ní òkè òkun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ilẹ̀ tó ń balẹ̀ sí ló kàn ń fẹ̀ sí i. Màmá Ọdúsànyà fẹ̀yìn tì, wọ́n sì papòdà ní ọjọ́ alẹ́ wọn. Agolo mílíkì kan tí ẹ̀wà funfun àti pupa wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n gbé fún mi. Ó wà lórí fèrèsé mi.

Ràfíátù fẹ́ tíṣà kan ará Ìkòròdú. Kó tó dá a lóhùn, ó to ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun gbogbo. Ó ní ọkùnrin náà gbọ́ tán, ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò, ó padà wá bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ti Àlàájì, a máa ń kíra. Wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n á bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ iná yẹn, wọn kò fún mi lóúnjẹ nílé wọn mọ́, èmi náà kò sì retí i.

Kí n tó fi ìwé yìí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí Ràfíátù bi ìwé náà ní ìbéèrè wa: ta nìyí? Ó tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo padà lọ gbà á nílé bàbá rẹ̀, bírò pupa ti la ibi mẹ́ta kọjá. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀, ó fi Ràfíátù síbẹ̀. Ó yọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó fi òwò ẹja síbẹ̀, ó ní ta ni kì í ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ìkẹta ni ẹja tí wọn kì í jẹ. Ó fa bírò sórí orúkọ rẹ̀ títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó kọ àrọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ àrọ̀.

Ó ní, “Torí pé àwa ń jẹ àrọ̀, Màmá. Bàbá ò tiẹ̀ lè ṣe kí wọ́n má jẹ ẹ́.”

Kò pẹ́ tí Àlàájì fi jáde láti inú ilé. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn. Ràfíátù gbé ọbẹ̀ sáàárín wa, àrọ̀ inú rẹ̀ tóbi, ó ká sínú àwo. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n bu orí rẹ̀, tó jẹ́ pé tiwọn ni nílé yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n gbé e sínú àwo mi. Wọ́n ní, “Jẹun, Fọlákẹ́, ó ń tutù.”